Ìṣẹ́jú Àáyá: Bí Ọpọlọ Ṣe Ń Dá Ẹjọ́ Àkókò fún Ojú

Ojú ni Yorùbá fi ń wọn àkókò. Bí ohun kan bá yá kánkán, a ní ó ṣẹlẹ̀ kí a tó ṣẹ́jú pẹ́. Bí kò bá sí ìdádúró rárá, a ní lójú kan náà ni, tàbí lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí a sì ń wá orúkọ fún ọ̀kan nínú 60 tí a pín wákàtí sí, ìṣe ojú náà ni a mú: ṣẹ́ ojú, a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kún un, ó di ìṣẹ́jú. A tún fẹ́ orúkọ fún èyí tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni a bá pè é ní ìṣẹ́jú àáyá, tí àwọn ẹlòmíràn sì ń pe àkókò kékeré báyìí ní ìṣẹ́jú akàn. Ọ̀bọ inú igbó ni àáyá, ojú rẹ̀ kì í gbé ibì kan. Ti akàn, gbogbo wa mọ̀ pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣé ojú wá mọ àkókò ni, tí a fi gbé irú iṣẹ́ ńlá yìí lé e lọ́wọ́? Ohun tí mo rí nínú ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni pé ojú kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ojú bá rí, ó ti pẹ́ kí ó tó fi jíṣẹ́. Ọpọlọ ni ó ń jókòó bí baálẹ̀, tí ó ń gbọ́ ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n ti pẹ́ dé, tí ó sì ń pinnu èwo ni ó ṣáájú, èwo ni ó tẹ̀lé e.

Ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lè bi mí pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ń wá nínú ọ̀rọ̀ ọpọlọ, ṣé oríkì àti àrọ̀fọ̀ ti tán nílẹ̀ ni? Wọn kò tán. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ ni àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń gbé ẹ̀bá títì, láti Mọ́níyà lọ sí apá Ọ̀yọ́, ní Ẹ̀gbẹ́dá lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ní Ìyànà Ọ̀fà, títí dé Akánrán ní Ọ̀nà-Àrà, tí wọ́n ń ti oko bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ọmọ wọn sì ń sọdá lọ sí ilé ìwé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, àwọn tí ó lè pa kò sì gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú oko. Bí ènìyàn bá dúró sí etí oko kan lẹ́yìn Lálúpọn, tí ẹnìkan sì ń la igi ní òdìkejì àfonífojì, yóò rí àáké tí ó balẹ̀ sórí igi, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Onígi yóò ti máa gbé àáké sókè padà kí ìró "gbà!" tó dé. Bàbá mi àgbà, tí kò jókòó nínú kíláàsì rí, mọ èyí dunjú. Òun ni ó fi ń sọ fún wa bóyá ẹni tí ń la igi ṣì wà lórí ilẹ̀ tiwa tàbí ó ti kọjá ààlà. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní nǹkan bí 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró kò lè rìn ju nǹkan bí 340 mítà lọ. Nítorí náà, bí onígi bá wà ní 170 mítà sí wa, ìró àáké rẹ̀ yóò fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ sẹ́yìn ohun tí a rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti mànàmáná àti àrá. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni àwọn méjèèjì ṣẹlẹ̀ lókè. Bí mànàmáná bá kọ tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá, mẹ́ta tí a bá kà dúró fún nǹkan bí kìlómítà kan. Ẹni tí kò bá kà tó 30 kí àrá tó sán, kí ó yáa kúrò ní gbangba oko àti ní abẹ́ igi, kí ó wọ inú ilé, nítorí ibi tí ó wà kò jìnnà mọ́.

Títí dé ibi tí a dé yìí, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ọpọlọ kò tíì dé. Ẹ wá wọ inú agbo ilé wàyí. Obìnrin méjì ń gún iyán ní mítà márùn-ún péré sí ibi tí a jókòó. Ọmọ odó balẹ̀, "gbì!", ìgbà kan náà ni a rí i tí a sì gbọ́ ọ. Ìgbà kan náà kọ́ o. Ìmọ́lẹ̀ ti dé ojú kí ìró tó dé etí. Nígbà tí méjèèjì sì wọlé tán, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí etí yára ju ojú lọ. Irun tín-ín-tìn-ìn-tín ni ó wà nínú etí, ìró ń mì wọ́n, mímì náà sì ń di iṣẹ́ tí iṣan ń gbé lọ sí ọpọlọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ojú ní tirẹ̀ ní láti se tirẹ̀ kí ó jinná. Ìmọ́lẹ̀ yóò bọ́ sórí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ẹyinjú, èròjà inú awọ náà yóò yí padà, òmíràn yóò tún yí padà nítorí ti àkọ́kọ́, kí iṣan tó rí ohun tí yóò gbé. Ìdá mélòó kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá ni gbogbo èyí ń gbà. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀ ni ènìyàn fi ń tètè dáhùn sí ìró ju ìmọ́lẹ̀ lọ: ẹni tí a ní kí ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ní kété tí ó bá gbọ́ ìró, á ṣe é ní nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá, bí ó bá jẹ́ iná ni a tàn fún un, á sún mọ́ ìdá 20. Ìbọn ni wọ́n fi ń tú àwọn eléré sísá sílẹ̀, kì í ṣe àsíá.

Ẹ wo irú ẹjọ́ tí ó wà níwájú ọpọlọ. Ẹlẹ́rìí kan gba ọ̀nà tí ó yá, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èkejì gba ọ̀nà tí ó falẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró lẹ́nu ọ̀nà rárá. Ní nǹkan bí mítà 10 sí ẹni tí ń wòran ni àwọn méjèèjì ń bára wọn dé ọpọlọ. Níwájú mítà 10, etí ni ó ń kọ́kọ́ jíṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú ni. Síbẹ̀, a kì í rí ìyàtọ̀, yálà iyàwó ń gún iyán lẹ́sẹ̀ wa ni o, yálà onídùndún ń lu ìlù ní mítà 20. Ọpọlọ kì í yára dájọ́. Ó ń fi nǹkan bí ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá sílẹ̀, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohunkóhun tí ó bá dé láàárín àkókò náà tí ó sì bára mu, á so wọ́n pọ̀, á ní ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ṣẹlẹ̀. Nínú ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ìró ń rin mítà 34. Ìdí nìyí tí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú agbo ilé fi ń jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, tí ti òdìkejì àfonífojì sì ń ya sí méjì.

Ohun tí ó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ọpọlọ kò fi ojú kan náà wo ìpẹ́ ìró àti ìpẹ́ àwòrán. Bí ìró bá pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn àwòrán, ó máa ń gbójú fò ó. Bí ìró bá ṣáájú, kíá ni ó ti fura. Ó bọ́gbọ́n mu bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ayé ti dáyé, kò sí onígi tí ìró àáké rẹ̀ ń dé kí àáké tó balẹ̀. Ẹ̀rọ òde òní nìkan ni ó lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wo fíìmù Yorùbá lórí fóònù, tí ohùn òṣèré ń ṣáájú ètè rẹ̀, mọ bí ó ṣe ń bí ni nínú tó. Kì í sì í ṣe pé òfin ọpọlọ le koko bí àpáta. Ní 2004, Waka Fujisaki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan jẹ́ kí àwọn ènìyàn wo iná kan tí ń tàn tí ìró sì ń tẹ̀lé e pẹ̀lú ìpẹ́ díẹ̀, léraléra fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Lẹ́yìn èyí, ohun tí àwọn ènìyàn náà ń pè ní "ìgbà kan náà" ti sún kúrò ní ààyè rẹ̀ sí apá ibi tí wọ́n ti mú un mọ́ wọn lára. Ọpọlọ ń tún òṣùwọ̀n rẹ̀ ṣe bí ọlọ́jà ti ń tún kóńgò rẹ̀ ṣe.

Bí òṣùwọ̀n ẹnì kọ̀ọ̀kan ti yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì, ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn rí. Ní Greenwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1796, Nevil Maskelyne, olórí àwọn tí ń fi ẹ̀rọ awò wo ìràwọ̀ níbẹ̀, lé David Kinnebrook olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa fi ojú wo ìràwọ̀ bí ó ti ń kọjá lórí okùn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ẹ̀rọ náà, kí wọ́n máa fi etí ka ìró aago, kí wọ́n sì kọ ìgbà tí ó kọjá sílẹ̀ títí dé ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Àkókò tí Kinnebrook ń kọ ń fi nǹkan bí ìdámẹ́wàá mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ọ̀gá ní aláìkíyèsára ni. Ó ju 20 ọdún lọ lẹ́yìn náà kí Friedrich Bessel, ará Jámánì, tó fi ọkàn sí ìtàn yìí, tí ó fi tirẹ̀ wé ti àwọn àgbà amòye bíi tirẹ̀, tí ó sì rí i pé àwọn náà kò bára mu. Kò sí ẹni tí ó ń ṣe ìmẹ́lẹ́. Bí ọpọlọ oníkálukú ti ń so ohun tí ojú rí mọ́ ohun tí etí gbọ́ ni ó yàtọ̀. Lójú tèmi, ìwà ọ̀gá ni Maskelyne hù: ó fi orí ara rẹ̀ ṣe aago, ó wá bá ọmọ iṣẹ́ wí pé kò bá aago mu.

Mo fẹ́ padà sí ìṣẹ́jú tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ìgbà 15 ni a ń ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gbà tó ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá sí ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin rẹ̀. Òkùnkùn gidi ni, ìpéǹpéjú bo ẹyinjú. Ta ni ó ń rí òkùnkùn náà? Ọpọlọ ń pa á mọ́ wa lójú, ó ń so ohun tí a rí ṣáájú mọ́ èyí tí a rí lẹ́yìn rẹ̀ bí aláró ti ń di aṣọ tí ojú ìdì kò hàn. Nítorí náà, ibi tí èdè wa ti mú orúkọ àkókò gan-an ni ibi tí ojú kò ti rí ohunkóhun! Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí ojú bá ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn, èyí tí ó ń ṣe ní bí ìgbà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ojú bá ti ń fò, ó yẹ kí ayé máa rú gùdùgùdù lójú wa. Ọpọlọ ń ti ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀ náà, á sì wá fi ohun tí ojú bà lé lórí dí àlàfo tí ó ṣí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i, kí ó wá aago ara ògiri tí ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀ ń fò tó-tó-tó. Kí ó wo ibòmíràn, kí ó wá yí ojú sí aago náà lójijì. Fífò àkọ́kọ́ yóò dà bí ẹni pé ó pẹ́ jù, bí ẹni pé aago ti fẹ́ kú. Kielan Yarrow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London wọn èyí ní 2001: ọpọlọ ń mú ìbẹ̀rẹ̀ ohun tí ó rí padà sẹ́yìn, sí ìgbà tí ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra.

Ní ti ohun tí ó ń rìn, ọpọlọ ń lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1994, Romi Nijhawan fi hàn pé bí ohun kan bá ń rìn, tí iná sì bù yẹ̀rì ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, ohun tí ń rìn náà yóò dà bí ẹni pé ó ti kọjá iná. Àwọn onímọ̀ kan ní ọpọlọ mọ̀ pé ojú ń pẹ́, ó ń ti ohun tí ń rìn síwájú láti fi san gbèsè ìpẹ́ náà; àwọn kan ní ó ń dúró wo ohun tí yóò tẹ̀lé e kí ó tó sọ ohun tí ó rí. Wọn kò tíì parí ìjà náà. Ẹni tí ó bá ti gbé àsíá ní ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé wa, tí wọ́n ti bú ìyá rẹ̀ nítorí ọ́fsáìdì, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ òun ni: ìgbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ni iná yẹn, ẹni tí ń sáré lọ gbà á ni ohun tí ń rìn. Nígbà tí FIFA gbé ẹ̀rọ tí ń wo àwòrán padà wọ ìdíje àgbáyé ní Rọ́ṣíà ní 2018, ọpọlọ ènìyàn ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́.

Mo ti ń fi gbogbo èyí lànà sílẹ̀ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti dínkù, ojú á túbọ̀ máa pẹ́. Ará Jámánì kan, Carl Pulfrich, ṣe àlàyé èyí ní 1922, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò fi ojú kan ríran mọ́. Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹnìkan máa fì í láti ọ̀tún sí òsì níwájú yín. Ẹ ya awẹ́ kan lára gíláàsì dúdú tí wọ́n ń lò fún oòrùn, ẹ gbé e bo ojú kan, ṣùgbọ́n kí ojú méjèèjì là sílẹ̀. Òkúta tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí ìlà kan yóò dà bí ẹni pé ó ń yí po, tí ó ń súnmọ́ yín tí ó sì ń jìnnà síi. Ojú tí ó wà lẹ́yìn gíláàsì dúdú ń rí ibi tí òkúta wà tẹ́lẹ̀, ojú kejì ń rí èyí tí ó tuntun díẹ̀, ọpọlọ sì túmọ̀ ìyàtọ̀ àkókò sí ìyàtọ̀ ibi. Àwọn àgbàlagbà tí ìkúùkù ti bo ẹyinjú kan, tí ojú náà ń ṣe bàìbàì, irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé rù láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Bí irú wọn bá ní ọkọ̀ tí ń kọjá súnmọ́ ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí pé ó jìnnà, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣàárán.

Oríṣi méjì ni àwọn aríran tí ó wà nínú awọ ẹ̀yìn ẹyinjú: àwọn ti ọ̀sán, tí wọ́n mọ àwọ̀ tí wọ́n sì yára, àti àwọn ti òru, tí wọ́n lè rí ìmọ́lẹ̀ kékeré ṣùgbọ́n tí wọ́n lọ́ra. Ó ń gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí àwọn ti òru tó gbọnra jí tán. Bẹ́ẹ̀, ní ilẹ̀ wa níbí, oòrùn kì í fara balẹ̀ wọ̀. Láti ìgbà tí ó bá ti wọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ó fi díẹ̀ ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Ilẹ̀ á ti ṣú kí ojú tó ṣe tán. Àkókò náà gan-an ni àwọn ènìyàn ń ti oko bọ̀.

Báwo wá ni ọpọlọ ṣe ń mọ ìgbà tí ọkọ̀ tí ń bọ̀ yóò dé? Kì í wọn jíjìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ka eré rẹ̀. David Lee ṣàlàyé ní 1976 pé bí àwòrán ọkọ̀ náà ti ń tóbi sí i nínú ojú ni ó lè sọ ìgbà tí yóò dé. Bí ọkọ̀ bá ṣì jìnnà, títóbi náà kéré débi pé kò ṣeé rí. Ìgbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó dé ni àwòrán á wá fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí àwọn ẹlẹ́rìí fi máa ń wí pé, "Ọkọ̀ náà kàn yọ lójijì ni!" Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ọkọ̀ tí ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí ń rin nǹkan bí mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àwọn aríran òru bá fi ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá péré pẹ́, ọkọ̀ náà ti súnmọ́ wa ní mítà mẹ́ta kù díẹ̀ ju ibi tí a rò pé ó wà lọ, a kò sì tíì gbé ẹsẹ̀.

Ìwọ̀n ọkọ̀ náà ń tan ni jẹ. Ohun ńlá ń dà bí ẹni pé ó ń rọra bọ̀; Herschel Leibowitz kọ nípa èyí ní Amẹ́ríkà ní 1985, nígbà tí ó ń wá ìdí tí àwọn awakọ̀ fi ń kó sẹ́nu ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n rí kedere. Ó yẹ kí àwa tí ojú irin tuntun láti Èkó parí sí ọ̀dọ̀ wa ní Mọ́níyà, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021, mọ èyí; bẹ́ẹ̀ náà sì ni tírélà ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ohun kékeré ní tirẹ̀ ń dà bí ẹni pé ó ṣì kù kí ó dé, ìdí nìyí tí ọ̀kadà fi ń bá ènìyàn láàárín títì.

Lóru, ara ọkọ̀ kò hàn mọ́, iná rẹ̀ nìkan ni ó kù. Bí iná méjèèjì bá ti ń jìnnà síra wọn lójú wa ni ọpọlọ fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ ń súnmọ́. Bí ọ̀kan bá kú, kí ni yóò jìnnà sí kí ni? Ní abúlé wa ní Lágelú, ọkùnrin kan ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti oko, ó rí iná kan ṣoṣo lókèèrè, ó ní ọ̀kadà ni, òun yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ akẹ́rù ni. Iná òsì rẹ̀, èyí tí ó kọjú sí àárín títì, ni ó ti kú. Ọkùnrin náà yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò padà sí bí ó ti wà. Àwọn kan ní ayé ni ó ṣe é, àwọn kan ní ọtí ni, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kì í mutí. Èmi kò rí ayé níbẹ̀, gílóòbù kan ni mo rí. Ọkọ̀ olójú kan pọ̀ lójú ọ̀nà wa débi pé a ti ń fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ọkùnrin yìí ní gbogbo rẹ̀ wá ń lọ díẹ̀díẹ̀ lójú òun, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo fíìmù tí wọ́n fà á falẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí ó bọ́ lọ́wọ́ ikú ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2007, Chess Stetson, Matthew Fiesta àti David Eagleman dán an wò ní Amẹ́ríkà: wọ́n jù àwọn ènìyàn sílẹ̀ láti òkè mítà 31 sínú àwọ̀n, wọ́n sì so ẹ̀rọ kékeré mọ́ wọn lọ́wọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ ń yí padà kíákíá ju bí ojú ti lè kà á lọ. Bí ìbẹ̀rù bá ń jẹ́ kí ojú rí púpọ̀ sí i láàárín àkókò kan náà, ó yẹ kí wọ́n lè ka nọ́ńbà náà. Wọn kò lè kà á. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n fojú díwọ̀n bí ìṣubú wọn ti pẹ́ tó, wọ́n fi nǹkan bí ìdá 36 nínú 100 lé e ju ti ẹlòmíràn tí wọ́n wò lọ. Ìrántí ni ó gùn, kì í ṣe ìríran. Ẹni tí ó bá ní òun yóò ráyè yẹra nígbà tí ewu bá dé, nítorí pé àkókò máa ń fà, kò ní ráyè kankan.

Èyí tí ó dẹ́rù bà mí jù ni ti àwọn ọmọdé. Ní 2011, John Wann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní bí ọkọ̀ tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí ó dé bá ń sáré ju nǹkan bí 20 máìlì ní wákàtí lọ, ìyẹn bí 32 kìlómítà, ojú ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè má rí i dájú pé ó ń bọ̀ rárá. Ọpọlọ tí ń ka bí àwòrán ti ń tóbi kò tíì gbó nínú wọn. Ọmọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti kọ́ ọ, ó rí ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì dà bí ohun tí ó dúró sójú kan. Ta ni ó ń fi eré 32 kìlómítà kọjá níwájú ilé ìwé ní Ẹ̀gbẹ́dá? Bí a ṣe ń lu ọmọ pé kò wo títì kí ó tó sọdá, ọmọ náà wò ó. Ní abúlé wa, ìyá kan tí ń ta àkàrà ní etí títì ni ó máa ń di ọwọ́ wọn mú ní ìdajì wákàtí tí ilé ìwé bá ń jáde, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ó ń kó wọn jọ bí mẹ́jọ, á dúró títí tí kò ní sí ọkọ̀ kankan ní ìhà méjèèjì, kì í ṣe títí tí ọkọ̀ yóò fi dà bí ẹni pé ó jìnnà, kí ó tó kó wọn sọdá.